Ọlọ́wẹ̀, Agbẹ́gilére Ìsẹ̀-Èkìtì

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo ilẹ̀kùn kíláàsì yín. Ta ni ó kàn án? Bóyá ni ẹ mọ orúkọ káfíńtà náà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún àwọn agbẹ́gilére ayé àtijọ́. Wọn yóò gbẹ́ ère tí ó dára, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ orúkọ wọn sí i lára. Nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ wọ́n bá kú tán, ère yóò ṣì wà, orúkọ yóò sì pa rẹ́. Lónìí, ẹ ó ka ìtàn agbẹ́gilére kan tí orúkọ tirẹ̀ kò pa rẹ́. Ẹ fara balẹ̀ kà á, kí ẹ lè mọ ìdí rẹ̀.

Ìlú Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí Ọlọ́wẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1873. Ó ṣì kéré nígbà tí ó lọ ń gbé ní Ìsẹ̀, tí òun náà jẹ́ ìlú kan ní Èkìtì. Ìsẹ̀ ni ó dàgbà sí, ibẹ̀ ni ó sì fi ṣe ilé. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń pè é ní Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀. Ó di ìránṣẹ́ ní ààfin Arínjalẹ̀, ọba ìlú náà. Nígbà tí ọba rí i pé ọwọ́ rẹ̀ dára púpọ̀ nínú igi gbígbẹ́, ó fún un ní iṣẹ́ ọnà ṣe ní ààfin.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ kékeré ni ère gbígbẹ́. Ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn agbẹ́gilére Yorùbá máa ń gbà ṣe é. Àkọ́kọ́ ni ọ̀nà lílé: wọn yóò fi àáké gé igi títí orí, ara àti ẹsẹ̀ yóò fi hàn lásán. Èkejì ni alétúnlé: wọn yóò ya ojú, etí àti ọwọ́ sọ́tọ̀. Ẹ̀kẹta ni dídán: wọn yóò mú kí ara ère jọ̀lọ̀. Ẹ̀kẹrin ni fínfín: wọn yóò fi ẹnu ọ̀bẹ fín irun, ilà ojú àti ọnà ara aṣọ. Bí ìkòkò bá wọ́ lọ́wọ́ amọ̀kòkò, ó lè po amọ̀ rẹ̀ pọ̀ kí ó tún un mọ. Igi kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí agbẹ́gilére bá ti gé kúrò, kò lè dá a padà mọ́. Nítorí náà, sùúrù àti ìfarabalẹ̀ ni olórí irinṣẹ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí òkìkí Ọlọ́wẹ̀ fi kàn kọjá Ìsẹ̀. Àwọn ọba ìlú mìíràn ń ránṣẹ́ pè é. Ó ṣiṣẹ́ fún Déjì Àkúrẹ́ àti Ọwá Iléṣà. Láàárín ọdún 1910 sí 1914, ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Lára ọ̀kan nínú àwọn òpó náà, ọba dé adé, ó sì jókòó lórí ìtẹ́. Ayaba dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ta ni ẹ rò pé Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ tóbi jù nínú àwọn méjèèjì? Ayaba ni! Ó ga ju ọba lọ dáadáa, bí ẹni pé òun ni ó gbé ọba ró. Èyí kì í ṣe àfojúdi sí ọba rárá. Ọlọ́wẹ̀ fẹ́ kí a mọ̀ pé ọba kò lè dá nìkan jẹ ọba, àwọn kan ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn kan tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún Ògògà lọ sí ibi àfihàn ńlá kan ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilẹ̀kùn náà ní abala méjì. Ní abala kan, Ògògà jókòó, ó ń gba àlejò. Ní abala kejì, àwọn arẹrù gbé òyìnbó aṣojú ìjọba bọ̀ wá kí ọba. Àwọn ère náà yọ síta lára ilẹ̀kùn bí ẹni pé wọ́n fẹ́ bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n máa rìn. Àwọn aláṣẹ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ rà á, ṣùgbọ́n Ògògà kọ̀, kò tà á. Nígbẹ̀yìn, wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀. Wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún Ògògà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ògògà sì yọ̀ǹda ilẹ̀kùn náà fún wọn. Ẹ ò rí nǹkan! Ìtẹ́ ọba ni wọ́n fi gba iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀.

Ọpọ́n onídèérí kan tún wà tí ó gbẹ́. Àwọn ère mẹ́rin ń jó lórí ìdérí rẹ̀. Àwọn ère mìíràn kúnlẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n gbé ọpọ́n náà ró. Ní àárín àwọn tí ó kúnlẹ̀ yìí, orí ènìyàn kan wà níbẹ̀ tí ó ń yí gbirigbiri, ṣùgbọ́n kò lè jáde. Ọlọ́wẹ̀ kò gbẹ́ orí náà lọ́tọ̀ kí ó tó tì í wọ ibẹ̀. Láti ara igi kan náà ni ó ti gbẹ́ orí yìí àti àwọn tí ó yí i ká.

Bí Ọlọ́wẹ̀ ti ń ti ààfin kan bọ́ sí òmíràn tó, ó ní ilé, ó ní aya, ó ní ọmọ. Aya rẹ̀ ju ọ̀kan lọ, gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbà náà. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ Yorùbá, ìyàwó a máa ki oríkì ọkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nílé Ọlọ́wẹ̀.

Ní ọdún 1938, Ọlọ́wẹ̀ kú. Àáké dákẹ́, ọ̀bẹ sinmi. Àádọ́ta ọdún kọjá. Ní ọdún 1988, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, John Pemberton, wá sí Ìsẹ̀ láti wádìí nípa rẹ̀. Ó bá Olójú-ifun, aya Ọlọ́wẹ̀ kẹrin, láàyè. Olójú-ifun ti di arúgbó, ṣùgbọ́n oríkì ọkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó kì í. Ó yìn ín pé igi líle kì í le lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ka àwọn ìlú tí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ wà. Ohun tí Ọlọ́wẹ̀ kò kọ sára igi, aya rẹ̀ fi pamọ́ sínú ọkàn. Ní ọdún 1998, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Washington, ní Amẹ́ríkà, ṣe àfihàn iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ fún gbogbo ayé, wọ́n sì dárúkọ rẹ̀.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ti Ọlọ́wẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó níyì nígbà tí ó wà láàyè, ó sì tún níyì lẹ́yìn ikú. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi ọkàn ṣe iṣẹ́ yín, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ ní kọ orúkọ yín sí i. Ẹ sì fẹ́ràn àwọn ará ilé yín, nítorí pé àwọn ni yóò sọ ìtàn yín.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀
Agbẹ́gilére: ẹni tí ó ń fi igi gbẹ́ ère.
Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé: ilé tí a ń kó ohun àtijọ́ sí kí ènìyàn lè máa wò ó.
Pàṣípààrọ̀: kí a fi ohun kan gba òmíràn láìsan owó.

Ìbéèrè
1. Ìlú wo ni wọ́n ti bí Ọlọ́wẹ̀?
2. Dárúkọ ọ̀nà mẹ́rin tí a ń gbà gbẹ́ ère.
3. Kí ni Ògògà gbà dípò ilẹ̀kùn rẹ̀?
4. Kí ni kò jẹ́ kí orúkọ Ọlọ́wẹ̀ pa rẹ́?
5. Béèrè oríkì bàbá rẹ nílé, kí o sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ.