Ẹfúnṣetán Aníwúrà àti Ilé tí Kò Ní Àrólé

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni ó mọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà láti inú eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1970, tí wọ́n sì ṣe ní pápá ìṣeré Olúbàdàn ní 1981 lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò. Nínú eré náà, májèlé ni obìnrin náà jẹ kú. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1874 yàtọ̀ sí èyí. Ìyàtọ̀ náà kò sì kéré, nítorí pé ẹni tí ó bá gbà pé Ìyálóde pa ara rẹ̀ kò ní béèrè ẹni tí ó pa á. Òǹkọ̀wé eré ní ẹ̀tọ́ láti tún ìtàn mọ bí ó ṣe wù ú. Àwa olùkọ́ ni kò yẹ kí a máa fi eré rọ́pò ìtàn.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni Ẹfúnṣetán. Ará Ìkìjà ni Ògúnrìn baba rẹ̀, Ìkìjà sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú Ẹ̀gbá tí ogun tú ká ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Òwò kéékèèké ni ìyá rẹ̀ ń ṣe, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ yìí ni ó sì ti kọ́ ọjà títà. Nígbà tí ó wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn, ìlú náà kò tíì dàgbà. Ibùdó ogun ni ó jẹ́ ní nǹkan bí 1829, tí Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá para pọ̀ sí. Wọn kò fi ìdílé jẹ oyè níbẹ̀. Iye ènìyàn tí ó wà lẹ́yìn ẹni ni wọ́n fi ń mọ ẹni ńlá, òun ni àlejò obìnrin fi lè di Ìyálóde ní nǹkan bí 1867, tí ó ń gbẹnu sọ fún àwọn obìnrin àti ọlọ́jà láàárín àwọn ìjòyè.

Òwò ni ó fi bẹ̀rẹ̀, oko ni ó fi fìdí múlẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ a máa ná Àjàṣẹ́, Àgbádárìgì àti Ìkòródú. Ó tún ń ta ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn olórí ogun ní àwìn. Oko ńlá mẹ́ta ni wọ́n sọ pé ó ní, tí ẹrú tí ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í dín ní ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921, tilẹ̀ ka ẹrú oko rẹ̀ sí nǹkan bí 2,000, láìka àwọn tí ó wà nílé.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹrú yìí, nítorí àwọn ọ̀dọ́ a máa da ẹrú pọ̀ mọ́ ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró fún èlé owó tí òun tàbí ẹbí rẹ̀ yá. Ọmọ onílé ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá san owó náà ni yóò padà sílé. Ẹrú kò rí bẹ́ẹ̀. Ogun ni ó kó o ní Èkìtì, ní Ìjẹ̀ṣà tàbí ní Àkókó, ẹni tí ó sì rà á ni ó ni òun àti iṣẹ́ rẹ̀, àti ọmọ tí ó bá bí. Ìbọn tí Ẹfúnṣetán ń tà ní àwìn ni wọ́n fi ń lọ kó ẹrú, ẹrú ni wọ́n sì fi ń san gbèsè. Àwọn ẹrú náà ni wọ́n ń dá oko tí oúnjẹ ogun ti ń wá. Kì í ṣe Ẹfúnṣetán nìkan ni ó wà nínú òwò yìí; kò sí olóyè ńlá kan ní Ìbàdàn nígbà náà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níbẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó bí, ọmọ náà sì kú lórí ìkúnlẹ̀ ní 1860. Láti ìgbà náà ni ìwà rẹ̀ ti yí padà, tí ó ń le mọ́ àwọn ẹrú rẹ̀, pàápàá àwọn obìnrin tí ó bá lóyún. Àwọn ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa èyí pọ̀, wọ́n sì burú. N kò rò pé irọ́ ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a rántí pé àwọn tí ó ṣẹ́gun rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́. Nígbà tí kò sí ọmọ, ó gba Kúmúyìílọ ṣe ọmọ, ẹni yìí ni gbogbo ilé sì ń wò gẹ́gẹ́ bí àrólé.

Ní 1871 ni Látòósà di Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ààrẹ fẹ́ máa jagun lọ láìsinmi, àwọn ajagun sì ti jẹ Ìyálóde ní gbèsè púpọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 1874, wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀: kò bá Ààrẹ lọ sójú ogun, kò fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí i, kò sì jáde wá pàdé rẹ̀ lẹ́yìn odi nígbà tí ó ti ogun dé. Ó san owó ìtanràn, ó bẹ̀bẹ̀, kò já mọ́ nǹkan. Ìyápọ̀, ẹni tí ó tẹ̀ lé e nínú oyè, ni wọ́n fi jẹ Ìyálóde.

Owó obìnrin náà ṣì wà nílé, ìbẹ̀rù rẹ̀ sì wà lọ́kàn Ààrẹ. Wọ́n fi nǹkan tu Kúmúyìílọ lójú, òun náà sì bá ẹrú méjì nínú ilé sọ ọ̀rọ̀. Ní òru ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, àwọn ẹrú náà gba orí àjà sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá tí ó sùn sí, wọ́n sì lu orí rẹ̀ fọ́.

Àwọn ará Abẹ́òkúta kò dákẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ wá sí Ìbàdàn láti béèrè ikú tí ó pa ọmọ wọn. Nínú oṣù Keje ni àwọn ìjòyè jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, ọwọ́ Kúmúyìílọ sì hàn níbẹ̀. Àwọn ẹrú méjì náà ni wọ́n pa ní gbangba. Látòósà wà lórí oyè títí ó fi kú ní ibùdó ogun Kírìjì ní 1885.