Wọ́n na Dick Tiger nígbà 19, síbẹ̀ ọ̀gá ni nínú àwọn ọ̀gá

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwọn tó fẹ́ràn ìjà ẹ̀ṣẹ́, ìbáà ṣe ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó. Ta ni ká pè ní ọ̀gá nínú àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò? Àwọn kan gbà pé ẹni tí wọn kò nà rí ni. Wọ́n á dárúkọ Rocky Marciano, ọmọ Amẹ́ríkà, tó ja ìjà 49, tó borí nínú gbogbo wọn, tó sì fẹ̀yìn tì ní 1956. Àwọn èwe ìwòyí á dárúkọ Floyd Mayweather, tó bá tiẹ̀ dé 50 ní ọdún 2017. Àwọn mìíràn á yarí kanlẹ̀ pé ẹni tí kò ṣubú rí, a kò tíì mọ̀ bóyá ó lè dìde.

Bí a bá fẹ́ yanjú ọ̀rọ̀ náà, kò yẹ ká lọ jìnnà. Ọmọ Nàìjíríà kan wà tí ìtàn ayé rẹ̀ tó ẹ̀rí. Richard Ihetu ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Dick Tiger ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ìjà 82 ló jà láti ìgbà tó ti ń fi ẹ̀ṣẹ́ wá owó. Ó borí nínú 60, ó ta ọ̀mì nínú mẹ́ta, wọ́n sì nà án nínú 19. Ẹni tó bá ka iye yìí lásán lè rò pé abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò kan ṣáá ni. Ẹ jẹ́ ká wo bí ìjà wọ̀nyẹn ṣe wáyé, kí a tó dájọ́.

Ọjọ́ 14, oṣù kẹjọ, ọdún 1929 ni wọ́n bí i ní Amaigbo, ní agbègbè Orlu, tó wà ní ìpínlẹ̀ Imo lónìí. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, ó wá jẹun lọ sí ìlú Aba. Ìgò òfìfo ló ń rà, tó ń tún tà lọ́jà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní agbègbè náà nígbà yẹn máa ń ṣètò ìjà ẹ̀ṣẹ́ láàárín ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta ìgò yìí ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ wá oúnjẹ. Ní 1952, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jà fún owó.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún 1955 parí, ó wọkọ̀ lọ sí Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Hogan Bassey, ọmọ Calabar, ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, òun ló sì wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba bẹ́líìtì àgbáyé, ní 1957. Ṣùgbọ́n Liverpool kò kọ́kọ́ gba Tiger tọwọ́ tẹsẹ̀. Òtútù mú un, oúnjẹ ibẹ̀ ṣàjèjì sí i, kò sì ní èèyàn. Ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tó jà níbẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n fi nà án.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí yìí gan-an ni àríyànjiyàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Marciano náà gbìyànjú, kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ baba rẹ̀ ni gbogbo ìjà 49 rẹ̀ ti wáyé. Púpọ̀ nínú àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ ní Providence, tí kò jìnnà sí Brockton tí wọ́n ti bí i. Àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè wá wò ó, kó sì sùn sínú ilé rẹ̀ lálẹ́. Tiger ní tiẹ̀, ìlú onílùú ló ti ń kọ́ṣẹ́, lójú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, níwájú àwọn adájọ́ tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan. Òdo tó wà nínú àkọsílẹ̀ ọ̀kan àti mẹ́rin tó wà nínú ti èkejì kì í ṣe ohun kan náà. Bí àgbẹ̀ kan bá gbin kòkó sí ilẹ̀ ọlọ́ràá lẹ́yìnkùlé rẹ̀, tí ẹnì kejì lọ ro igbó olókùúta ní oko àjèjì, a kò lè fi iye àpò tí wọ́n kó délé lọ́dún àkọ́kọ́ mọ ẹni tó mọ iṣẹ́ jù.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ìjà mẹ́rin yẹn ì bá ti lé padà sílé. Tiger kò padà. Ní 1957, ó dá Terry Downes dúró, ọ̀dọ́ kan tí àwọn ará London gbójú lé, tí òun náà sì di ọ̀gá àgbáyé lẹ́yìn náà. Ní oṣù kẹta ọdún 1958, ó lu Pat McAteer dákú ní abala kẹsàn-án ní Liverpool, ó sì gba bẹ́líìtì ìpele middleweight ti àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú tí wọ́n ti nà án nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé náà ló ti gba adé.

Ó kọjá sí Amẹ́ríkà ní 1959. Níbẹ̀ náà, kò yan ẹni tó máa bá jà. Wilf Greaves gba bẹ́líìtì náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Edmonton, ní Kánádà, ní oṣù kẹfà ọdún 1960. Kí ọdún náà tó parí, Tiger ti tún bá a jà, ó sì gbà á padà. Ẹ rántí èyí, nítorí bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá nà án, òun ló máa ń fẹ́ bá pàdé.

Ọjọ́ 23, oṣù kẹwàá, ọdún 1962 ni ọjọ́ ńlá dé. Ní San Francisco, ó bá Gene Fullmer jà fún abala 15. Fullmer yìí kì í ṣe ọmọdé, ó ti na Sugar Ray Robinson alára ní 1957. Àwọn adájọ́ fohùn ṣọ̀kan pé Tiger ló borí, ó sì di ọ̀gá àgbáyé. Wọ́n tún pàdé ní Las Vegas ní oṣù kejì ọdún 1963, wọ́n ta ọ̀mì. Ó wá ku ìkẹta.

Ìkẹta náà ló kan ilẹ̀ Yorùbá. Ìbàdàn ni wọ́n gbé e wá, ní pápá ìṣeré Liberty, ní ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ, ọdún 1963. Kò tíì sí ìjà bẹ́líìtì àgbáyé ní Nàìjíríà rí ṣáájú ọjọ́ náà. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ló kọ́ pápá náà, tí wọ́n ṣí i ní 1960, ní ìgbà tí owó kòkó ni ìjọba náà gbójú lé jù. Àwọn àgbẹ̀ Oǹdó, Àkúrẹ́ àti Ìdànrè wà lára àwọn tó gbin kòkó yẹn, nítorí náà, òógùn tiwọn náà wà nínú pápá tí wọ́n jà sí. Ní 2010, wọ́n sọ pápá náà ní orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Lọ́jọ́ ìjà náà, Tiger kọ lu Fullmer láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí abala keje parí, Fullmer jókòó, kò sì lè dìde fún ìkẹjọ. Kò tún ja ìjà kankan mọ́ títí ayé rẹ̀. Ọmọ Ìgbò ni Tiger, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ọmọ gbogbo Nàìjíríà ni.

Bí Tiger bá fẹ̀yìn tì lálẹ́ ọjọ́ náà, ìtàn rẹ̀ ì bá dùn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún náà gan-an, Joey Giardello fi máàkì na án ní Atlantic City, ó sì gba bẹ́líìtì lọ. Ó tó bí ọdún méjì kí Giardello tó fún un láyè láti tún bá òun jà. Tiger kò jókòó máa sunkún. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1965, ó gbé Rubin Carter, tí wọ́n ń pè ní Hurricane, ṣubú nígbà mẹ́ta nínú ìjà kan. Ní oṣù kẹwàá, ó gba bẹ́líìtì rẹ̀ padà lọ́wọ́ Giardello ní Madison Square Garden, ní New York. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Emile Griffith tún gbà á, nípa ìdájọ́ tí ọ̀pọ̀ àwọn oníròyìn tó wà níbẹ̀ kò fara mọ́.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló mú kí èmi gbà pé òdo kì í ṣe òṣùwọ̀n. Tiger ti pé ọmọ ọdún 37. Kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínṣì mẹ́jọ lọ. Dípò kó sọ̀ kalẹ̀ wá àwọn tó rọrùn, ó gòkè lọ sí ìpele light heavyweight, láàárín àwọn tí ìwọ̀n wọn lè tó pọ́n-ùn 175, nígbà tí ti ìpele tó ti ń bọ̀ kò ju 160 lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 1966, ó na José Torres, ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó sì gba bẹ́líìtì rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1967, ó tún nà án.

Ẹ fi èyí wé ti Marciano. Ọ̀kan nínú àwọn ìjà tó sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá ni èyí tó ti lu Joe Louis dákú ní 1951. Ọmọ ọdún 37 ni Louis nígbà yẹn, ó ti fẹ̀yìn tì tẹ́lẹ̀, owó ló tún lé e padà wá. Ìjà náà wà lára 49. Ọjọ́ orí kan náà ni Louis fi jẹ́ ẹni tí wọ́n ń gun orí rẹ̀ dé òkè, tí Tiger sì fi ń gun òkè fúnra rẹ̀. Kò sí ibi tí èyí hàn sí nínú iye ìjà tí wọ́n kọ sílẹ̀. Bákan náà, ẹni àádọ́ta tí Mayweather nà ni Conor McGregor, ẹni tí kò tíì ja ẹ̀ṣẹ́ fún owó rí ṣáájú ọjọ́ náà. Ìyẹn náà kà fún ọ̀kan.

Kì í ṣe pé gbogbo ìjà tí wọ́n fi na Tiger ló ní àwáwí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1968, Bob Foster, tó fi ínṣì méje ga jù ú lọ, lù ú lulẹ̀ ní abala kẹrin, rẹfirí sì ka ẹẹ́wàá lé e lórí. Kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ, Foster ló lágbára jù lọ́jọ́ náà. Kò sì yẹ ká bu Marciano kù. Ní 1952, Jersey Joe Walcott ti fi máàkì ṣáájú rẹ̀ kí Marciano tó lù ú dákú ní abala 13. Ọkùnrin ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé ọwọ́ Marciano ló fi í ṣe ọ̀gá. Òdo kọ́.

Ìjà kan tún wà tí kò sí nínú ìwé àkọsílẹ̀ rárá. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967, Tiger dúró ti Biafra, ó wọ iṣẹ́ ológun wọn, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ogun ní eré ìdárayá. Èrò wa lórí ogun náà lè yàtọ̀ sí tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ní apá ibí ló ní ọmọ tó wà ní ìhà kejì. Ṣùgbọ́n ó san iye tí ìpinnu rẹ̀ gbà. Púpọ̀ nínú ohun ìní tó fi owó ìjà kó jọ ló bá ogun lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 1969, ó dá oyè MBE tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi dá a lọ́lá padà fún wọn, nítorí pé wọ́n ń ti ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà lẹ́yìn. Ọdún yẹn kan náà ló na Nino Benvenuti, tó jẹ́ ọ̀gá àgbáyé ìpele middleweight nígbà náà, nínú ìjà tí wọn kò fi bẹ́líìtì sí. Ọmọ ogójì ọdún ló ń lọ.

Oṣù keje ọdún 1970 ló ja ìjà ìkẹyìn, Emile Griffith ló sì nà án. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin tó ti gba bẹ́líìtì àgbáyé ní ìpele méjì di ẹ̀ṣọ́ ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ńlá kan ní New York. Ibẹ̀ ló wà tí àìsàn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fi mú un. Ó padà wálé, ó sì kú ní Aba ní ọjọ́ 14, oṣù kejìlá, ọdún 1971. Ọmọ ọdún 42 ni.

Nítorí náà, bí àríyànjiyàn bá tún ṣẹ̀, kí a má kàn béèrè pé ìgbà mélòó ni wọ́n na ẹnì kan. Ẹ béèrè ẹni tó bá jà, ibi tí wọ́n ti jà á, ọjọ́ orí tí kálukú wà, àti ohun tí ó ṣe lẹ́yìn tí wọ́n nà án. Sugar Ray Robinson, ẹni tí ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ṣẹ́ gbà pé kò sí irú rẹ̀ rí, ìgbà 19 náà ni wọ́n na òun pẹ̀lú. Ilé ìrántí àwọn akọni ẹ̀ṣẹ́ lágbàáyé wà ní Canastota, ní ìpínlẹ̀ New York. Ní 1990 ni wọ́n fi orúkọ Robinson àti ti Marciano síbẹ̀. Ní 1991, wọ́n fi ti Dick Tiger sí i. Ẹni tó ní òdo àti ẹni tó ní 19 jọ wà lábẹ́ òrùlé kan.