Thomas Francis, dókítà tó tọpa àrùn grippe

Ọjọ́ 15 oṣù keje ọdún 1900 ni wọ́n bí Thomas Francis ní Gas City, ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí grippe, ọ̀fìnkìn líle tó ń pààyàn, jà káàkiri ayé. Oṣù kẹjọ 1918 ni ọkọ̀ ojú omi gbé e dé Freetown, ó sì gba etí òkun dé ọ̀dọ̀ tiwa ní Dahomey. Kò sẹ́ni tó mọ kòkòrò tó ń fà á nígbà náà.

Francis kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn jáde ní Yale ní 1925. Ní 1933, àwọn dókítà kan ní London rí kòkòrò náà. Nígbà tó di 1934, Francis náà rí i ní Amẹ́ríkà. Ní 1940, ó tún rí oríṣi kejì tí wọ́n ń pè ní B.

Nígbà ogun, ìjọba ní kó wá abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àwọn sójà. Ó ṣe é ní yunifásítì Michigan, òun pẹ̀lú Jonas Salk, ẹni tó wá ṣe abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀ lẹ́yìn náà. Inú ẹyin adìyẹ ni wọ́n ti ń sin kòkòrò náà, wọ́n á wá pa á kó tó wọ abẹ́rẹ́. Wọ́n dán an wò ní 1943, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa.

Àmọ́ ní 1947, nǹkan yíwọ́. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ń ṣàìsàn bí àwọn tí kò gbà á. Abẹ́rẹ́ ò bàjẹ́ o: kòkòrò ló ti pààrọ̀ ẹ̀wù, ara ò sì dá a mọ̀ mọ́. Francis ò bò ó mọ́lẹ̀, ọdún yẹn náà ló kọ ọ́ jáde.

Ẹ̀kọ́ yẹn là ń jẹ títí dòní. Láti 1952, àjọ OMS ti ní àwọn ilé àyẹ̀wò tó ń ṣọ́ kòkòrò náà káàkiri ayé; Institut Pasteur ti Dakar wà lára wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù kejì àti oṣù kẹsàn-án, wọ́n á jókòó yan oríṣi tó máa wọ abẹ́rẹ́ tuntun.

Francis kú ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1969. Ẹ̀yin ará Bassila, Manigri àti Alédjo, bí nọ́ọ̀sì bá ní kẹ́ ẹ jẹ́ kóun gba ikun imú yín fún àyẹ̀wò, ẹ má kọ̀ fún un. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ pé kòkòrò ti pààrọ̀ ẹ̀wù.