Mímọ́ Cuthbert àti Ẹyẹ Ìwò

Nígbà ìwọ́wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ẹyẹ òkun a máa fi erékùṣù Farne sílẹ̀ nítorí òtútù, wọn a sì fò wá sí etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa yìí. Ní erékùṣù ẹlẹ́fùúùfù náà ni Mímọ́ Cuthbert lọ dá gbé ní nǹkan bí ọdún 676, kí ó lè máa gbàdúrà.

Bede, ẹni tí ó kọ ìtàn ayé rẹ̀, sọ fún wa pé ẹyẹ ìwò méjì ń já koríko òrùlé ilé àlejò rẹ̀ láti fi kọ́ ìtẹ́. Cuthbert lé wọn lọ ní orúkọ Jésù Kristi. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀kan padà wá, ó tẹrí ba, ó sì tẹ́ ìyẹ́ sílẹ̀ bí ẹni tí ń tọrọ àforíjì. Ẹni mímọ́ náà dárí jì í, ó sì gbà kí òun àti èkejì rẹ̀ máa gbé ibẹ̀.

Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 685, ṣùgbọ́n Farne ni ó padà sí, níbi tí ó ti kú ní ọjọ́ 20 oṣù Mársì, 687.

Kí olúkúlùkù wa ní Ìbà níhìn-ín bi ara rẹ̀ léèrè: ta ni ó wá tọrọ àforíjì, tí mo ti ilẹ̀kùn mọ́?

Mímọ́ Cuthbert, gbàdúrà fún wa.