Ìwé Àfọwọ́kọ tí Iná Jó ní Èkó: Láti Inú Ìgbésí-ayé Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther

Kò sí ọmọ ìjọ wa kan tí kò tí ì gbọ́ orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther. Bí a ti mú un lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, bí a ti tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, bí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á lọ́wọ́ àwọn Potogí ní oṣù kẹrin ọdún 1822 tí wọ́n sì gbé e gúnlẹ̀ sí Sàró, gbogbo èyí ni àwọn tíṣà wa ti kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n sórí. Àwa kò ní tún un sọ. Ọ̀ràn kan tí a kì í sábà mẹ́nu bà ni a fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin olùkàwé wa ní oṣù yìí, ó sì ṣẹlẹ̀ ní Èkó níhìn-ín: èyíinì ni ti ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ tí iná jó ní ọdún 1862.

Kí ọ̀ràn náà lè yé wa, ó yẹ kí a mọ irú òṣìṣẹ́ tí ọkùnrin yìí jẹ́ nínú èdè. Ní ọdún 1843 ni a tẹ ìwé rẹ̀ ìkíní lórí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá, nígbà tí kò tí ì padà fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ baba rẹ̀ rárá. Yorùbá tí ó mọ̀ nígbà náà ni èyí tí ó gbé kúrò nílé ní ọmọdé, àti èyí tí ó gbọ́ ní Sàró lẹ́nu àwọn tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà àti Ìjẹ̀bú, tí gbogbo wọn dàpọ̀ mọ́ ara wọn. Ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1845, ó dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, níbi tí òun àti ìyá rẹ̀ ti fi ojú kan ara wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Níbẹ̀ ni ó ti tún jókòó bí ọmọ ilé-ìwé lẹ́sẹ̀ àwọn àgbà.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn onígbàgbọ́ nìkan ni ó ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ó ń fetí sí àwọn abọ̀rìṣà níbi ìrúbọ wọn, ó ń fetí sí àwọn Mùsùlùmí níbi ìwàásù wọn, ọ̀rọ̀ tí ó bá sì gbọ́ ni ó ń kọ sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyè méjì, kí ó ṣí Bíbélì rẹ̀. Àlùfáà, àdúrà, ìwàásù, wòlíì: ẹnu àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ni a ti rí wọn, kí wọ́n tó wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Láàárín àwọn abọ̀rìṣà ni a sì ti mú orúkọ Èṣù, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jiyàn sí títí di òní, àwa pẹ̀lú kò sì rò pé wọ́n jẹ̀bi bí wọ́n ti ń jiyàn rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni ó fi ń ṣe àkójọ yìí, ọ̀rọ̀ kan lónìí, òwe kan lọ́la, pẹ̀lú ìlò wọn àti àṣà tí wọ́n ti inú rẹ̀ wá. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó sì fi kọ ọ́.

Èkó ìgbà náà kò tóbi. Ìsàlẹ̀-Èkó ni agbo ilé àwọn onílẹ̀, níbi tí Ìgà Ìdúngànrán wà. Àwọn òyìnbó oníṣòwò tẹ̀ dó sí etí ọ̀sà ní Màrínà. Kò tí ì pé ọdún méjì tí Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ ìlú di ti Ọbabìnrin Fiktóríà, ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861. Òrùlé koríko pọ̀ ní ìlú, bí iná bá sì bọ́ sí ilé kan, ta ni yóò sọ ibi tí yóò dúró? Ní ọdún 1862 iná jó ilé Crowther. Àkójọ ọdún mọ́kànlá náà jóná, iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jóná pẹ̀lú. Ó jẹ́ kí ó di mímọ̀ pé òfò ìwé wọ̀nyí dun òun ju òfò ilé àti ẹrù lọ. Ìlú tí a ti kó o sínú ọkọ̀ ẹrú ní ogójì ọdún ṣáájú ni ó tún ti pàdánù iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà kì í ṣe ohun tí à ń sunkún lé, kí ó wo àwọn Júù. Àwọn olùkọ́ni wọn, tí Ìhìnrere ń pè ní Rábì, fi ẹ̀kọ́ lé ara wọn lọ́wọ́ láti ẹnu dé etí fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí a tó to apá kan jọ ní ìwọ̀n ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, èyí tí wọ́n ń pè ní Míṣínà. Lẹ́yìn náà ni a fi àríyànjiyàn àwọn olùkọ́ Bábílónì kún un, gbogbo rẹ̀ sì di Tálímúdù. Ní ọdún 1242 a kó ẹ̀kún kẹ̀kẹ́ ẹrù mẹ́rìnlélógún nínú ìwé wọ̀nyí, tí gbogbo wọn jẹ́ àfọwọ́kọ, a sì dáná sun ún ní gbangba ìlú Párísì. Ó dùn wá láti sọ pé àwọn tí ń jẹ́ orúkọ Kristi ni ó ṣe é. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn èyí, ní ọdún 1342, akọ̀wé kan ní ilẹ̀ Faransé parí àdàkọ Tálímúdù Bábílónì. Èyíinì nìkan ni ó kù láyé nínú àwọn àfọwọ́kọ àtijọ́ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì wà ní ilé-ìkàwé ìlú Munich ní ilẹ̀ Jámánì títí di òní.

A mọ̀ pé ọ̀ràn méjèèjì kò rí bákan náà. Ọ̀tá ni ó sun ti Párísì. A kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni fi ìkà sun ti Èkó. Ṣùgbọ́n àwọn Júù ní ẹ̀dà ní ìlú mìíràn, wọ́n sì ní àwọn tí ó mọ ẹ̀kọ́ náà sórí. Crowther kò ní ẹ̀dà kejì, púpọ̀ nínú àwọn àgbà tí ó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn sì ti dàgbà kọjá kí a tún máa bi wọ́n léèrè.

Ní ọdún 1862 kan náà ni àlùfáà Thomas King kú, ẹni tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́. Òmíràn ì bá ti fi gègé sílẹ̀. Crowther tún bẹ̀rẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí èdè Núpé jáde ní ọdún 1864, ọdún tí a fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, iṣẹ́ Odò Ọya sì gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọjọ́ rẹ̀ láti ìgbà náà lọ. Síbẹ̀ kò fi Yorùbá sílẹ̀. Ní ọdún 1884 odidi Bíbélì pé ní èdè wa, nípa ọwọ́ rẹ̀ àti ti àwọn mìíràn tí ó bá a ṣe é. Ìbànújẹ́ tí ó bá a ní Odò Ọya ní òpin ayé rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ràn tí a lè fi ìlà díẹ̀ sọ. Ó sùn nínú Olúwa ní Èkó ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1891.

Ní ti àwọn òwe, èyí tí ó bọ́ lọ́wọ́ iná ni àwọn tí ó ti fi sínú ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí a tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1852. Níbẹ̀ ni òyìnbó arìnrìn-àjò Richard Burton ti bu wọn sínú ìwé òwe ti ara rẹ̀ ní ọdún 1865, tí wọ́n fi di kíkà fún àwọn tí kò rí Abẹ́òkúta rí. Ìwé ọdún 1852 náà kò tí ì parẹ́, ó wà ní àwọn ilé-ìkàwé ńlá. Kí tíṣà tí ó bá rí i wo abẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dáradára, nítorí ibẹ̀ ni àwọn òwe náà wà.