Sir William MacGregor, Gómìnà Oníṣègùn ti Ìgbà Rélùwéè

Bí a bá dúró ní Ìjọ́rà Badia ní ìgbà òjò, tí ọkọ̀ ojú irin sì ń kọjá lọ sí èbúté Àpápá, ohun méjì ni ojú wa yóò rí lẹ́ẹ̀kan náà. Èkíní ni irin tí ó nà gbọọrọ, tí ẹrù olówó iyebíye ń gba orí rẹ̀ kọjá. Èkejì ni omi adágún tí ó wà lẹ́bàá ilé àwọn ènìyàn, èyí tí ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí. Ó tọ́ kí a rántí ọkùnrin kan tí ó ṣe àkóso Èkó nígbà tí rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò sì ya ọ̀ràn irin kúrò lára ọ̀ràn omi. Sir William MacGregor ni orúkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 20 oṣù October, ọdún 1846, ni a bí i ní Towie, abúlé kan ní ìhà Aberdeen ní ilẹ̀ Scotland. Tálákà àgbẹ̀ ni baba rẹ̀, òun sì ni àkọ́bí. Láti kékeré ni ó ti ń ṣe alágbàṣe ní oko olóko. Ṣùgbọ́n ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni yóò ti máa ṣe ẹnu ṣámúṣámú. Olùkọ́ abúlé náà rí i pé ọmọ yìí ní làákàyè. Òun àti àlùfáà àti oníṣègùn àdúgbò sì ràn án lọ́wọ́, títí ó fi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Aberdeen, tí ó sì gba oyè ìṣègùn ní 1872. Bí kò bá sí irú àwọn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bóyá oko olóko ni ìbá ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀. Kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ fi èyí sí ọkàn.

Ní 1873 ó lọ ṣe oníṣègùn ìjọba ní erékùṣù Seychelles, lẹ́yìn náà ní Mauritius; ní 1875 ó sì dé Fiji. Ní ọdún náà gan-an ni àrùn kan tí ọkọ̀ òkun gbé wọ ilẹ̀ náà pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ọmọ onílẹ̀. A lè rò pé níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ pé ọ̀nà tí ọjà ń gbà wọlé ni àrùn pẹ̀lú ń gbà wọlé. Ní 1884 ọkọ̀ Syria, tí ó kó àwọn òṣìṣẹ́ ará Índíà, forí sọ òkúta létí Fiji. Ó lé ní 50 ènìyàn tí ó bá a lọ, ṣùgbọ́n MacGregor fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu láàárín ìgbì láti yọ àwọn tí ó kù, a sì fi àmì ẹ̀yẹ Albert dá a lọ́lá. Láti 1888 dé 1898 ó ṣe àkóso New Guinea. Ní 1899 ni a fi í ṣe Gómìnà Èkó.

Ó bá iṣẹ́ rélùwéè lẹ́nu rẹ̀. Láti 1896 ni a ti ń tẹ́ irin láti Ìddó, tí kò jìnnà sí Ìjọ́rà. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ni ó gé igbó, tí ó ru erùpẹ̀ sí irà, tí ó sì gbé irin lé orí igi. Ọ̀nà náà gba ẹ̀bá Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn, ó lé ní 120 ibùsọ̀. Ní oṣù March 1901, ní àkókò MacGregor, a ṣí i. Ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ààbọ̀ ni àlàfo tí ó wà láàárín irin méjèèjì, èyí tí ó há ju ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ẹrù tí ó ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí àwọn alárù wá ń dé Èkó kíákíá. Kí a má tan ara wa jẹ: kì í ṣe nítorí tiwa nìkan ni a fi ṣe é. Epo, èkùrọ́ àti òwú ni àwọn oníṣòwò òkè òkun ń wá.

Ìddó kì í ṣe ìgboro Èkó, omi ni ó wà láàárín. Nítorí náà, ní 1902, a ṣe rélùwéè kékeré kan tí ó gba orí Afárá Carter wọ inú ìlú. Àlàfo irin rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ààbọ̀ lọ, ọkọ̀ ńlá kò sì lè gba orí rẹ̀. Lẹ́yìn tí MacGregor ti lọ, a ya àwọn ọkọ̀ kan sọ́tọ̀ lórí irin yìí láti máa kó garawa àwọn agbépòó láti ìgboro lọ sí etí ọ̀sà. Nígbà tí ó yá, èrò kò wọ̀ ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ agbépòó ń rìn títí di 1933. Ẹlòmíràn lè fi í rẹ́rìn-ín. Àwa kò rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ tí ó kó ẹ̀gbin jáde kúrò ní ìlú kò kéré ní iyì sí èyí tí ó kó òwú wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀ràn tí ó mú kí á máa rántí rẹ̀. Ní 1897 ni Ronald Ross ti rí i pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri. Àwọn onímọ̀ kan wá dá ìmọ̀ràn pé kí àwọn Òyìnbó máa gbé lọ́tọ̀, kí wọ́n jìnnà sí àwọn ènìyàn dúdú, nítorí pé ibà wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa. Ní Freetown a gba ìmọ̀ràn náà: a kọ́ ilé àwọn Òyìnbó sí orí òkè, a sì ṣe rélùwéè ọ̀tọ̀ ní nǹkan bí 1904 láti máa gbé wọn gòkè. MacGregor kọ̀ ọ́ fún Èkó. Ó rò pé kí a wo ìlú náà sàn lápapọ̀ ju kí a sá fún àwọn onílé lọ. A la ojú omi irà, a gbẹ́ odò tí a fi orúkọ rẹ̀ pè, a sì ń pín oògùn kínnínì. Ní 1901 ìyàwó rẹ̀ àti àwọn obìnrin Èkó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa tọ́jú àwọn ìyá àti ọmọ wọn. A kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìmọ́tótó. Ní 1902 òun àti Ross jọ lọ sí Ismailia ní ilẹ̀ Íjíbítì láti wo bí a ti ṣe ń ṣẹ́gun ẹ̀fọn níbẹ̀.

Ní 1904 ó fi Èkó sílẹ̀ lọ ṣe Gómìnà Newfoundland. Láti 1909 dé 1914 ó ṣe ti Queensland, níbi tí ó ti jẹ́ olórí àkọ́kọ́ fún Yunifásítì wọn. Ó kú ní Aberdeen ní ọjọ́ 3 oṣù July 1919, a sì sin ín ní Towie tí a gbé bí i. Ohun ìbànújẹ́ kan ni pé lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba ya Ìkòyí sọ́tọ̀ fún àwọn Òyìnbó, odò tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni ó sì wà láàárín Ìkòyí àti Èkó. Ohun tí ó gbẹ́ láti fi wo gbogbo ìlú sàn di ààlà.

Rélùwéè náà dàgbà. Ní 1912 ọkọ̀ ti ń rìn láti Èkó dé Kánò. Ní 1926 a ṣí èbúté ńlá Àpápá, irin sì gba Ìjọ́rà dé ibẹ̀. Ní 1973, nígbà tí a fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn eré ńlá ti ìjọba ní Ìgànmú, a kó àwọn ará Olúwọlé kúrò lórí ilẹ̀ wọn wá sí Badia. Ní 2021 a ṣí ọ̀nà irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn. Ọkọ̀ ń yí padà, irin ń gbòòrò, ṣùgbọ́n omi adágún ṣì wà lẹ́bàá ilé.

Ìdí nìyí tí a fi sọ ìtàn yìí. Ìránṣẹ́ ọba ilẹ̀ òkèèrè ni MacGregor, kò sì rí ibà ṣẹ́gun. Síbẹ̀ ó mọ̀ pé ọ̀nà irin kò tíì parí níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá rẹ̀ bá ṣì ń ṣàìsàn. Nígbà tí a bá jáde lọ kọ́ àwọn ọmọ ní irú ibi bí Badia, kí á má ṣe kọ́ wọn ní orúkọ ibùdókọ̀ rélùwéè nìkan. Kí á mú wọn jáde lọ wo gọ́tà, kí àwa àti wọn sì jọ la ojú rẹ̀.