Walther Ritz

Walther Ritz (22 oṣù kejì ọdún 1878 – 7 oṣù keje ọdún 1909) jẹ́ onímọ̀ físíksì àti ìṣirò ọmọ orílẹ̀-èdè Swítsàlandì. Òun ni ó ṣẹ̀dá ọ̀nà ìṣirò tí a ń pè ní ọ̀nà Ritz, ọ̀kan lára àwọn ìpìlẹ̀ ìlànà finite element tí a fi ń ṣe ìṣirò ìgbì ìró lórí kọ̀ǹpútà lónìí.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

A bí Ritz ní ìlú Sion, ní ẹkùn Valais. Ayàwòrán ni Raphael Ritz, bàbá rẹ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀-ẹ̀rọ ní Zürich, níbi tí Albert Einstein náà ti kẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà. Ní ọdún 1901, ó lọ sí Yunifásítì Göttingen ní Jámánì, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bá a fínra, ó sì mú kí ó pa iṣẹ́ tì fún ìgbà díẹ̀.

Iṣẹ́ lórí awo tí ń gbọ̀n

Ní ọdún 1787, Ernst Chladni ti Jámánì kọ̀wé pé bí a bá da iyanrìn sórí awo irin pẹlẹbẹ, tí a sì fi ọrun fayolín fa etí rẹ̀, iyanrìn náà yóò kó jọ sórí àwọn ìlà tí kò mì. Ìró kọ̀ọ̀kan ní àwòrán tirẹ̀. Gustav Kirchhoff ṣe ìṣirò awo róbótó ní ọdún 1850, ṣùgbọ́n awo onígun mẹ́rin tí a kò de etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò rí ojútùú.

Ritz kò wá ìdáhùn gẹ́lẹ́. Ó mú àwọn ìrísí rírọrùn mélòó kan, ó pa wọ́n pọ̀, ó sì fi òfin agbára wá ìwọ̀n tí ó yẹ kí a mú nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Báyìí ni ìṣirò tí ó díjú ṣe di àwọn ìdọ́gba áljẹ́brà díẹ̀ tí ènìyàn lè fi ọwọ́ ṣe. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1909, àwọn ìlà tí ó ṣírò bá àwọn àwòrán Chladni mu.

Ẹ̀bùn àti ikú rẹ̀

Ritz fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìdíje Akadẹ́mì Sáyẹ́ǹsì ti Paris lórí awo rírọ̀, èyí tí a ṣe ìdájọ́ rẹ̀ ní ọdún 1907. Jacques Hadamard wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn náà. Wọn kò ka Ritz sí. Ní ọdún 1909, àìsàn kò jẹ́ kí ó gba ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Zürich, Einstein ni a sì yàn. Ritz kú ní Göttingen ní ẹni ọdún 31. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Akadẹ́mì náà tó fi ẹ̀bùn Leconte dá a lọ́lá.

Ipa rẹ̀

Boris Galerkin ti Rọ́ṣíà mú ọ̀nà náà gbòòrò ní ọdún 1915. Ní ọdún 1943, Richard Courant pín ojú ibi tí ó ń ṣírò sí àwọn onígun mẹ́ta kéékèèké, ó sì lo ìrísí rírọrùn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ray Clough ni ó fún ìlànà yìí ní orúkọ finite element ní ọdún 1960. Lónìí, bí àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ bá fẹ́ mọ bí ìró yóò ṣe rìn nínú ọkọ̀ tàbí gbọ̀ngàn tí a kò tíì kọ́, wọn a pín inú rẹ̀ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ègé, wọn a sì pa ìrísí rírọrùn pọ̀ gẹ́gẹ́ bí Ritz ti ṣe.